Ìkọ́kọrẹ́ Tí Màmá Sè De Àlejò Ọkọ̀ Òkun

Ìkẹ́nnẹ́, Àbámẹ́ta, 30 Nòfẹ́ńbà 1957

Ṣóbọ̀wálé yà sílé wa lónìí nígbà tí ó ń ti Ìbàdàn bọ̀. A jọ jáde ní kọ́lẹ́ẹ̀jì olùkọ́ ni, ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí ó fi bọ́ sí ọ́fíìsì àwọn tó ń bójú tó ọkọ̀ òkun ní Àpápá, ara rẹ̀ sì ti ń dán láti ìgbà náà. Ó ní ọkọ̀ ńlá kan ń bọ̀ ní ọjọ́ keje oṣù Jánúárì. Kì í ṣe ọkọ̀ ẹrù, kì í sì í ṣe èyí tó ń kó àwọn òyìnbó ìjọba padà sẹ́nu iṣẹ́. Àwọn tó wà nínú rẹ̀ kàn ń gbádùn ara wọn lójú òkun ni, wọ́n ń ti ìlú kan bọ́ sí òmíràn láìní ohunkóhun láti ṣe níbẹ̀. Mẹ́ta nínú wọn fẹ́ ọkọ̀ ilẹ̀ tiwọn, wọ́n sì fẹ́ ẹni tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa tí yóò mú wọn yí Èkó ká ní ọjọ́ kan ṣoṣo tí wọ́n ní. Ó ní èmi ni òun rántí.

Láti oṣù Júùnù tí mo ti fi iṣẹ́ tíṣà sílẹ̀, apẹ̀rẹ̀ obì àti àwọn ìyàwó tuntun ni mo ń fi ọkọ̀ Mọ́rísì mi gbé. Ṣóbọ̀wálé ní bí èyí bá lọ dáadáa, gbogbo ọkọ̀ tó bá tún wá, èmi ni òun máa pè.

Ọkọ̀ rẹ̀ kò tíì kọjá ọjà tí Àjọkẹ́ ìyàwó mi fi ní kí n lọ ra aṣọ funfun tí òun máa fi rán ṣòkòtò fún mi. Ó ní ọkọ òun kò ní wọ kákí tíṣà mú òyìnbó kiri Èkó. Inú mi dùn débi pé n kò lè jẹun tán.

Ajé, 2 Dìsẹ́ńbà

Mo lọ sọ fún Màmá ní Ofin, ní Ṣàgámù. Wọ́n jókòó sẹ́yìn ilé, àwọn àti Àǹtí Àṣàkẹ́, àbúrò bàbá mi, wọ́n ń bó obì gbàǹja. Màmá jẹ́ mi nígbà tí mo kí wọn, ṣùgbọ́n wọn ò fi omi lọ̀ mí. Bó ti rí láti Júùnù nìyẹn. Wọ́n sọ fún mi nígbà náà pé bàbá mi fi gbogbo ayé rẹ̀ ṣe katikíìsì kí n lè di tíṣà, àti pé kí n má wá jẹun nílé àwọn mọ́ àfi tí mo bá padà sẹ́nu iṣẹ́ náà. Títí di òní, bí ẹnikẹ́ni bá bi wọ́n pé kí ni Dọ̀tun ń ṣe, "Tíṣà ni" ni wọ́n ń wí, bí mo tilẹ̀ wà níwájú ilé tí mo ń nu eruku ara ọkọ̀. Orúkọ iṣẹ́ mi kò tíì jáde lẹ́nu wọn rí. "Iṣẹ́ yẹn" ni wọ́n ń pè é.

Nígbà tí mo mẹ́nu ba àwọn òyìnbó mẹ́ta náà, ọwọ́ Màmá dúró lórí obì. Wọ́n bi mí bóyá èmi fúnra mi ni mo máa mú wọn rìn. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n bi mí bóyá àgbàlagbà wà nínú wọn. Mo ní Ṣóbọ̀wálé sọ pé ọ̀kan jẹ́ opó arúgbó, àwọn méjì yòókù sì ni àbúrò rẹ̀ ọkùnrin àti ìyàwó ìyẹn. Màmá wá gbójú sókè wò mí fún ìgbà àkọ́kọ́ láti oṣù Júùnù.

"Ṣé ọ̀sán ni wọ́n máa dé ọ̀dọ̀ mi ni, àbí ìrọ̀lẹ́? Kí n lè mọ ìgbà tí n ó dáná."

Mo fẹ́ sọ pé Èkó nìkan ni wọ́n sanwó fún, pé ọkọ̀ wọn yóò ṣí ní ọjọ́ kan náà. Kò sí ẹni tó ń béèrè ní Ofin bóyá àlejò ọmọ ilé máa wá kí ìyá ilé. Ẹni tí ọmọ bá mú rìn, omi ìyá rẹ̀ ni yóò mu kó tó lọ. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ọmọ náà ti sọ fún gbogbo ayé pé òun kò ní ìyá. Bí wọ́n ṣe tọ́ èmi náà nìyẹn.

Mo ní, "Ọ̀sán ni, Màmá."

Ọjọ́bọ̀, 5 Dìsẹ́ńbà

Mo sọ ọ́ fún Àjọkẹ́. Ó dá ẹ̀rọ ìránṣọ dúró, ó ní mo ti purọ́ fún Màmá. Mo ní n kò purọ́, n kò kàn tíì sọ òtítọ́ ni. Ó ní kí n lọ sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ fún mínísítà ìjọ Mẹ́tọ́díìsì àwọn ní Ìpẹ̀rú, kí n wá gbọ́ èsì. Ó ní kí n padà lọ sọ òdodo kí Màmá tó ra ewùrà tí wọ́n máa fi se ìkọ́kọrẹ́. Mo ní màá lọ lọ́jọ́ Àìkú.

Àìkú, 8 Dìsẹ́ńbà

N kò lọ. Ọyẹ́ ti bẹ̀rẹ̀, ètè gbogbo ènìyàn ti ń là nínú ṣọ́ọ̀ṣì.

Ọjọ́rú, 11 Dìsẹ́ńbà

Mo lọ fi Èkó dánra wò. Mo gbé Àjọkẹ́ sẹ́yìn ọkọ̀ kí ó ṣe bí òyìnbó. Láti Ṣàgámù ni mo ti bẹ̀rẹ̀ àlàyé, mo ń sọ bí obì ṣe ń ti ilẹ̀ Rẹ́mọ lọ sí Òkè Ọya. A kò tíì kọjá Ògìjo tí ó fi sùn lọ. Mo bínú gan-an. Nígbà tí ó jí, ó ní kí n má bínú, ṣùgbọ́n pé ohùn tí mo fi ń kọ́ àwọn ọmọ Sítáńdáàdì Fáìfù ni mo fi ń sọ̀rọ̀, pé òun ṣáà ń retí ìgbà tí n ó ní kí òun nawọ́.

A wọ Èkó gba orí Afárá Kátà. Mo fi ère Ṣọ́jà Ìdúmọ̀tà hàn án, mo mú un dé iwájú Ìga Ìdúngánràn, ààfin ọba Èkó, àti àwọn ilé alárà ti Pópó Àgùdà, a sì wọ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tuntun tí wọ́n ṣí ní Oníkan. Inú ibẹ̀ tutù, ó sì pa rọ́rọ́. Nígbà tí a dé etí òkun, Àjọkẹ́ bọ́ bàtà, ó jẹ́ kí omi fọ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó ní kí n má sọ̀rọ̀ kankan níbẹ̀, kí n kàn jẹ́ kí wọ́n wò. Mo rò pé òótọ́ ló sọ.

Bí a ti ń padà bọ̀ ní Likosi, ó bi mí pé, "Màmá ńkọ́?" Mo díbọ́n pé ariwo ẹ́ńjìnnì kò jẹ́ kí n gbọ́.

Ẹtì, 13 Dìsẹ́ńbà

Taya ẹ̀yìn ń jò. Gààrí tún ti wọ́n.

Àìkú, 15 Dìsẹ́ńbà

Mo gba Ofin lọ lẹ́yìn ìsìn, mo ti to gbogbo ọ̀rọ̀ náà sí ẹnu. Ó bá mi lójijì láti rí i pé wọ́n ti kun iwájú ilé ní funfun. Màmá ti sọ fún gbogbo ìjọ. Bàbá Ìjọ Ilésanmí ti ṣèlérí àga inú fẹ́sìrì ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn obìnrin agboolé sì ti pín iṣẹ́ láàárín ara wọn, ẹni tí yóò rin ewùrà àti ẹni tí yóò wá ẹja gbígbẹ.

Kí n tó la ẹnu, Màmá wọlé, wọ́n gbé omi jáde nínú kọ́ọ̀pù alábọ́dé tí bàbá mi olóògbé máa ń lò. Wọ́n nà án sí mi, wọ́n ní, "Mu omi, Dọ̀tun. Eruku ọ̀nà pọ̀."

Mo mu ún. Oṣù kẹfà rèé tí mo ti mu omi nílé ìyá mi kẹ́yìn. Omijé fẹ́ bọ́ lójú mi, mo ní eruku ni. Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ fún wọn lẹ́yìn ìyẹn? Mo dúpẹ́, mo lọ sílé, mo sì kórìíra ara mi títí ilẹ̀ fi ṣú.

Ìṣẹ́gun, 17 Dìsẹ́ńbà

Mo ti rí ọ̀nà. Ṣóbọ̀wálé ní àárọ̀ kùtùkùtù ni ọkọ̀ máa gúnlẹ̀, ìrọ̀lẹ́ ni yóò sì ṣí. Bí mo bá tètè mú wọn yí Èkó ká, tí a kúrò níbẹ̀ kí oòrùn tó mú, a lè dé Ofin lọ́sàn-án, kí wọ́n mu omi, kí wọ́n tọ́ ìkọ́kọrẹ́ wò, kí n sì dá wọn padà kí ọkọ̀ tó fọn fèrè. Ó há, ṣùgbọ́n ó ṣeé ṣe.

Àjọkẹ́ bi mí bóyá mo ti bi àwọn òyìnbó náà pé ṣé wọ́n fẹ́. Mo ní àlejò wo ni kò fẹ́ kí ìyá onílé.

Ọjọ́rú, 25 Dìsẹ́ńbà

Kérésìmesì. Màmá fi ìrẹsì àti adìyẹ ránṣẹ́ sí wa ní Ìkẹ́nnẹ́. Láti Júùnù, wọn ò fi oúnjẹ ránṣẹ́ sí wa rí.

Àìkú, 29 Dìsẹ́ńbà

Ìbéèrè ni Màmá fi kí mi lónìí. Ṣé wọ́n máa ń fi ọwọ́ jẹun? Ṣé ata á pọ̀ jù fún wọn? Ṣé kí àwọn wọ àrán tàbí sányán? Lẹ́yìn náà ni wọ́n béèrè opó náà, bóyá ó ti pẹ́ tí ọkọ rẹ̀ ti kú. Mo ní n kò mọ̀. Wọ́n ní kí n fi àga rẹ̀ sún mọ́ tàwọn, pé bí àwọn ò bá tilẹ̀ gbọ́ èdè ara àwọn, àwọn á jọ jókòó.

Bí mo ti ń lọ, ẹnìkan nínú agboolé bi wọ́n pé ṣé ilé ìwé ló ń rán àwọn òyìnbó náà sí mi ni. Màmá ní, "Iṣẹ́ yẹn ló gbé wọn bá a." Ohùn wọn kò le tó ti tẹ́lẹ̀.

Ẹtì, 3 Jánúárì 1958

Mo lọ bá Ṣóbọ̀wálé ní Èbúté Mẹ́ta, mo jẹ́wọ́ ohun tí mo fẹ́ ṣe. Ó ní tí àwọn òyìnbó náà bá gbà, òun ò lòdì sí i, ṣùgbọ́n tí ọkọ̀ bá fi wọ́n sílẹ̀, kí èmi àti òun máa wá oko tí a máa lọ dá. Ó ní kí n gbàdúrà kí ọkọ̀ tètè dé.

Ọyẹ́ yìí ti wá lé kenkà. N kò rí ìparí afárá nígbà tí mo ń kọjá.

Ìṣẹ́gun, 7 Jánúárì. Èbúté Mẹ́ta

Ọkọ̀ kò tètè dé.

Mo ti wà ní wáàfù Àpápá kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, mo wọ ṣòkòtò funfun Àjọkẹ́. Ọyẹ́ bo gbogbo ojú omi. A ń gbọ́ fèrè ọkọ̀ náà lókèèrè, a ò rí i. Ṣóbọ̀wálé ní wọn ò lè wọlé nínú irú òkùnkùn funfun báyìí. Mo ń rìn lọ, mo ń rìn bọ̀. Ní gbogbo àsìkò yẹn, ìyá mi ń dáná. Ó ti kọjá ọ̀sán dáadáa kí ọkọ̀ náà tó jáde síta, ó tóbi ju gbogbo ilé Marínà lọ, wọ́n sì sọ fún wa lójú ẹsẹ̀ pé ìrọ̀lẹ́ tí wọ́n ti dá tẹ́lẹ̀ náà ni yóò ṣí.

Àwọn àlejò mi sọ̀ kalẹ̀. Mísítà Páàkà ga, ó gbé ẹ̀rọ ìyàwòrán kọ́rùn. Ìyàwó rẹ̀ kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Opó náà, Mísíìsì Dénì, ti darúgbó, ó ń fi ọ̀pá rìn, ó sì bọ̀ mí lọ́wọ́.

Nígbà tí a kọjá Ìjọra tí a dé oríta, mo dá ọkọ̀ dúró. Apá ọ̀tún ni afárá, apá òsì ni ọ̀nà Ìkòròdú tó lọ sílé wa. Mo mọ̀ pé bí mo bá yà sósì, ìyá mi á rí àlejò rẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn mẹ́ta yìí á pàdánù ọkọ̀ wọn ní ìlú tí wọn ò mọ ẹnìkan. Wọ́n ti fi ara wọn lé mi lọ́wọ́. Mísítà Páàkà bi mí bóyá ẹ́ńjìnnì ló ní wàhálà. Mo ní rárá. Mo yà sí ọ̀tún.

Mo ṣe iṣẹ́ mi. Mo fi gbogbo ohun tí mo ti múra sílẹ̀ hàn wọ́n, n kò sì fi ohùn tíṣà sọ̀rọ̀. Ọkùnrin náà ya Ṣọ́jà Ìdúmọ̀tà títí. Ní Pópó Àgùdà, ìyàwó rẹ̀ dúró níwájú ilé kan, ó ní ó dà bí ilé tí wọ́n rí ní etíkun mìíràn lọ́nà. Wọ́n pẹ́ ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé.

Ní etí òkun, mo rántí ìmọ̀ràn Àjọkẹ́, mo dákẹ́. Àwọn méjì yòókù rìn lọ sétí omi. Mísíìsì Dénì jókòó sórí igi kan, ó bi mí pé ibo ni ilé mi. Mo sọ. Ó bi mí bóyá ìyá mi ṣì wà láyé. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní ṣé ó ń retí mi lónìí.

Mo ní, "Ẹ̀yin ni wọ́n ń retí, màámú."

N kò mọ bí ó ṣe jáde lẹ́nu mi. Mo wá sọ gbogbo rẹ̀, ti àga ṣọ́ọ̀ṣì àti ti ìkọ́kọrẹ́. Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní ó yẹ kí n ti sọ fún wọn kí ọkọ̀ tó kúrò ní wáàfù, kí wọ́n lè yàn fúnra wọn. Pé òun ti rí ṣọ́jà olókùúta púpọ̀ láyé òun. Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ ó bi mí pé báwo ni obìnrin ṣe ń kí ìyá àgbà lọ́dọ̀ wa. Mo ní ó máa ń kúnlẹ̀, ó máa ń ní, "Ẹ kú ilé o, màmá." Ó ní kí n di apá òun mú. Orúnkún rẹ̀ kò dára, síbẹ̀ ó fi ọ̀kan kan iyanrìn, ó kọjú sí ibi tí mo nawọ́ sí pé Ṣàgámù wà, ó sì kí ìyá mi. Ó pe gbogbo rẹ̀ bó ti mọ. Àbúrò rẹ̀ sáré padà, ó rò pé ó ṣubú ni.

Ó ní, "Bá mi jẹ́ iṣẹ́ náà fún un bẹ́ẹ̀."

Mo dá wọn padà, wọ́n wọkọ̀, ọkọ̀ ṣí. Ṣóbọ̀wálé di mọ́ mi, ó ní iṣẹ́ náà ti di tèmi. Ọyẹ́ kò jẹ́ kí n lè wakọ̀ padà, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo sùn.

Ọjọ́rú, 8 Jánúárì

Àwọn àga ṣì wà níta nígbà tí mo dé Ofin, eruku ọyẹ́ ti bo ìjókòó wọn. Kò sí ẹni tó jókòó sí i. Mo bá Màmá lẹ́yìn ilé nídìí obì. Aṣọ iṣẹ́ ni wọ́n wọ̀, ṣùgbọ́n iyùn tí wọ́n fi ń lọ òde ṣì wà lọ́rùn wọn. Wọ́n ti gbàgbé láti bọ́ ọ.

Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ṣòkòtò funfun náà dọ̀tí. Mo sọ pé ọkọ̀ pẹ́ dé, ṣùgbọ́n n kò fi ìyẹn bora. Mo ní láti ọjọ́ àkọ́kọ́ ni mo ti mọ̀ pé àwọn àlejò náà ò ṣètò láti wá, mo kàn ń tijú láti sọ ni.

Màmá bó obì kan tán, wọ́n mú òmíràn. Àǹtí Àṣàkẹ́ ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní nígbà tí oòrùn ń wọ̀ lánàá, tí àwọn ènìyàn ti ń rẹ́rìn-ín lábẹ́lẹ̀, Màmá dìde, wọ́n ní kí wọ́n bu oúnjẹ fún gbogbo agboolé. Wọ́n ní òkun kì í ṣe lọ́rì, ẹnìkan kì í pàṣẹ fún un. Wọ́n ní, "Iṣẹ́ rẹ̀ ló dá a dúró."

Mo gbé orí sókè. Wọn ò pè é ní "iṣẹ́ yẹn."

Màmá ní, "Lọ wo abẹ́ àwo tó wà lórí tábìlì. Mo bu tìẹ sílẹ̀. Mo ní bí wọn ò bá tilẹ̀ wá, ẹni tó lọ pàdé wọn á wá."

Ìkọ́kọrẹ́ náà ti tutù, ó ti le. Mo jẹ ẹ́ tán níwájú wọn, mo fi ìka nu àwo. Ìgbà yẹn ni mo tó jẹ́ iṣẹ́ tí Mísíìsì Dénì rán mi. Mo kúnlẹ̀ bí ó ṣe kúnlẹ̀, mo kí wọn pẹ̀lú ohùn rẹ̀. Màmá fi obì ọwọ́ wọn sílẹ̀. Wọ́n ní ṣé opó yẹn ló fi orúnkún arúgbó kan ilẹ̀ nítorí àwọn. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Wọ́n kọjú sí ọ̀nà Èkó, wọ́n dáhùn pé, "A dúpẹ́ o, ìyá. Ọkọ̀ yín á gúnlẹ̀ sí ire."

Wọ́n nu ọwọ́ lára ìró, wọ́n wá bi mí pé kí ni mo fi han àwọn àlejò náà gan-an. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́. Wọ́n gbọ́ ọ dé ibi Ìdúmọ̀tà, wọ́n ní kí n dákẹ́, pé àwọn ò tíì gun afárá yẹn rí láyé àwọn, kí n má fẹnu lásán gbé àwọn gun ún.

Àbámẹ́ta, 11 Jánúárì

Mo gbé Màmá lọ sí Èkó. Mo ṣí ilẹ̀kùn iwájú fún wọn, wọ́n ní ibo ni opó náà jókòó sí. Mo ní ẹ̀yìn lápá òsì. Ibẹ̀ ni wọ́n jókòó sí, nínú àrán àti iyùn, wọn ò fara ti àga.

Wọ́n ní kí n dúró lórí Afárá Kátà. Mo ní ọlọ́pàá á mú mi. Wọ́n ní mo dúró fún òyìnbó. Mo búra pé n kò dúró, wọn ò gbà títí a fi sọ̀ kalẹ̀. Ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé wọ́n kí àwọn ère ìgbàanì bí ẹni ń kí àgbà, olùṣọ́ sì wò wá. Ní etí òkun wọ́n ní kí n fi ibi tí ó kúnlẹ̀ han àwọn. Omi ti pa á rẹ́, ṣùgbọ́n mo rí igi náà. Wọ́n jókòó sórí rẹ̀, wọ́n sì wo òkun fún ìgbà pípẹ́. N kò sọ̀rọ̀.

Bí a ti ń padà, wọ́n ní kí n yà ní Likosi kí àwọn kí Ìyá Láídé, ẹni tí wọ́n jọ ń ra obì láti ìgbà ọ̀dọ́. Mo dúró ti ọkọ̀. Ìyá Láídé yọ̀ mọ́ wọn, ó yí wọn po, ó wo àrán, ó wo ọkọ̀, ó wá wo èmi nínú ṣòkòtò funfun. Ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì, kò dá mi mọ̀. Ó bi Màmá pé ta ló wa ọkọ̀ gbé wọn wá.

Màmá ní, "Dọ̀tun ọmọ mi ni. Dẹ́rẹ́bà ni."

Mo ń retí kí wọ́n fi kún un pé tíṣà ni mí. Wọn ò fi nǹkan kan kún un. Wọ́n ra ewé tí wọ́n máa fi di obì, wọ́n dágbére, mo sì ṣí ilẹ̀kùn fún wọn. Iwájú ni wọ́n jókòó sí títí a fi délé.